Frank Goldsmith, ọmọ ọdún 9 tó yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ Titanic: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀

Ìwé ìrìnnà kan ṣoṣo ni ìdílé Goldsmith fi wọ ọkọ̀ Titanic ní èbúté Southampton lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1912. Èèyàn mẹ́ta ni ìwé náà wà fún: Frank John Goldsmith, Emily ìyàwó rẹ̀, àti ọmọkùnrin wọn tó ń jẹ́ Frank bíi ti bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń pè ní Frankie. Pọ́n-ùn 20, ṣílè 10 àti pẹ́nì 6 ni wọ́n san fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kíláàsì kẹta, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà máa ń wà. Ọmọ ọdún 9 ni Frankie nígbà náà. Ní ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Southampton, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ New York, inú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn Titanic sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olówó: ta ló wọ irú aṣọ wo, ta ló kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà, èló ni dúkìá rẹ̀. Mo yan ọ̀rọ̀ ọmọ yìí torí pé ó ń fi ohun tí ìtàn àwọn olówó ń bò mọ́lẹ̀ hàn. Bí èèyàn bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ilé títí dé Detroit, yóò rí i pé léraléra ló ń dé ibi tí ẹlòmíràn ti fa ìlà sí, ìlà kíláàsì, ìlà ọjọ́ orí, ìlà ìlú tí èèyàn ti wá, àti pé bó ṣe ń bọ́ sí ibi tó sàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ń bọ́ sí òdì kejì. Orí rere là ń pe irú èyí. N kò bá orí jà, ṣùgbọ́n àwọn ìlà náà ní ẹni tó fà wọ́n, a sì lè dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó gbé wọn kúrò nílé

Ìlú Strood ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Frankie lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 1902. Oníṣẹ́ irin ni bàbá rẹ̀, irú èyí tó ń fi ẹ̀rọ gé irin tó sì ń gbẹ́ ẹ. Àwọn ẹbí Emily ti ṣí lọ sí Detroit, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ṣáájú wọn, iṣẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà fún irú ọwọ́ tí bàbá Frankie ní. Iléeṣẹ́ Ford ti ṣí ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Highland Park, tó fara ti Detroit, lọ́dún 1910, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní agbègbè náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ irin lò dáadáa kò ní pẹ́ nílùú kó tó rí iṣẹ́.

Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló lé wọn. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí. Èkejì, Albert, tí wọ́n ń pè ní Bertie, kú ní ìparí ọdún 1911. Diphtheria ló pa á, àrùn tó máa ń di ọmọdé lọ́fun títí tí kò fi ní lè mí mọ́, tí àwọn òbí ìgbà náà sì ń bẹ̀rù gidigidi nítorí pé kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin Bertie ni wọ́n di ẹrù. Ọ̀fọ̀ ti wà nínú ilé yìí kí wọ́n tó dé èbúté, Frankie sì ti di ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó wà lára ohun tó jẹ́ kí n lóye bí ìyá náà ṣe di ọmọ rẹ̀ mú lóru ọjọ́ tí ọkọ̀ rì.

Àwọn méjì mìíràn bá wọn rìn. Ọ̀kan ni Thomas Theobald, ọ̀rẹ́ ìdílé náà, tó fi ìyàwó rẹ̀ sílé. Ìkejì ni Alfred Rush, ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀, tó ń bá àwọn Goldsmith lọ sí Detroit.

Àwọn ọmọkùnrin inú ọkọ̀

Ayé Frankie dùn nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọkùnrin kíláàsì kẹta tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra kó ara wọn jọ, wọ́n sì sọ ọkọ̀ tó tóbi jù lọ lágbàáyé di ibi ìṣeré: wọ́n ń gun àwọn irin tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, wọ́n sì ń yọjú wo ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn akóná ti ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná. Orúkọ wọn kò sọnù. Willie Coutts wà níbẹ̀, Harold Goodwin, William Johnston, Albert Rice àti George Rice tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pẹ̀lú James àti Walter van Billiard tí àwọn náà jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Nínú gbogbo wọn, Frankie àti Willie nìkan ló yè.

Mo ti gbọ́ kí wọ́n máa sọ pé àjálù kì í mọ olówó kì í mọ tálákà. Ti Titanic mọ̀ ọ́n dáadáa. Nínú gbogbo ọmọdé tó wà ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, ọ̀kan ṣoṣo ló kú. Ní kíláàsì kẹta, ìgbìmọ̀ ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Lord Mersey darí kọ ọ́ pé ọmọdé 79 ló wà níbẹ̀, 27 péré ló sì yè. Ọkọ̀ kan náà, òru kan náà, yìnyín kan náà.

Ohun tó fà á kò fara sin. Òfin ìwọ̀lú ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n ya àwọn tó ń ṣí wá sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn èrò yòókù, nítorí ìbẹ̀rù àrùn, ìdí sì nìyí tí ọkọ̀ náà fi ní ògiri àti géètì láàárín kíláàsì kẹta àti ibi tó kù. Òkè pátápátá ni àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà wà, lọ́dọ̀ kíláàsì kìíní àti ìkejì. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ní láti gba ojú ọ̀nà tí kò gbà rí, lóru, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀nà náà hàn án lójú ọ̀sán. Ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà 20 ló wà, èèyàn 1,178 ni gbogbo wọn lè gbà, nígbà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó nǹkan bíi 2,200. Òfin sì ni wọ́n tẹ̀ lé! Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà láti ọdún 1894 sọ pé ọkọ̀ tó bá ti tó tọ́ọ̀nù 10,000 gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà 16, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ nípa ohun tí ọkọ̀ tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣe. Tọ́ọ̀nù 46,328 ni Titanic.

Ìgbìmọ̀ Lord Mersey tún sọ pé wọn kò rí i pé wọ́n rẹ́ àwọn ará kíláàsì kẹta jẹ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn èrò kíláàsì kẹta tí ìgbìmọ̀ yẹn pè wá jẹ́rìí kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Òru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15

Ní aago 11:40 alẹ́ ọjọ́ Sunday ni Titanic fi ẹ̀gbẹ́ gbá òkè yìnyín. Ní aago 2:20 òru ni ó rì tán. Láàárín wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú yìí ni gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí àwọn Goldsmith fi máa rí ọ̀nà dé òkè, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ti lọ. Ọ̀kan lára àwọn tó kẹ́yìn ni wọ́n bá, èyí tí wọ́n ń pè ní C, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n fi kánfáàsì ṣe ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n lè ṣeé ká pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ dúró yí ibẹ̀ ká bí agbo, obìnrin àti ọmọdé nìkan ni wọ́n sì ń jẹ́ kó kọjá. Ibẹ̀ ni ìdílé náà ti pín sí méjì.

Ohun tí bàbá náà ṣe kò pọ̀. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ bà á léjìká, ó ní: “Ó dàbọ̀, Frankie, màá rí ẹ tó bá yá.” Frankie rántí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi darúgbó, ó sì sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé ó ṣeé ṣe kí bàbá òun ti mọ̀ pé àwọn kò ní rí ara àwọn mọ́. Lójú tèmi, bí ó ti sọ ọ́ bí ẹni ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ lásán ni kò jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ náà tó fi wọ ọkọ̀. Ọmọ ọdún 9 tó bá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè kọ̀ láti lọ, kò sì sí àyè fún àríyànjiyàn níbẹ̀. Theobald bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi lé Emily lọ́wọ́, ó ní kó bá òun fún ìyàwó òun bí àwọn kò bá tún pàdé mọ́.

Lẹ́yìn náà ló kan Alfred Rush. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà gbá yìnyín gan-an ló pé ọmọ ọdún 16. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ṣòkòtò gígùn ni a fi ń mọ ọmọkùnrin tó ti kúrò lọ́mọdé, wọ́n sì ti fún Alfred ní tirẹ̀. Nítorí pé ó kéré lára, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan di apá rẹ̀ mú láti fà á mọ́ àwọn obìnrin àti ọmọdé. Ọmọ náà já ara rẹ̀ gbà. Ó ní rárá, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni òun máa dúró sí. Ibẹ̀ náà ló kú sí.

Mo ti ronú lórí èyí ju gbogbo apá yòókù lọ. Kò sí òfin kankan lójú òkun tó sọ pé ọdún 16 ni ọmọ ń di ọkùnrin. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣe tán láti kà á mọ́ ọmọdé, àyè sì wà. Ọmọ náà ló fa ìlà náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí àwọn àgbà ti kọ́ ọ nípa ohun tó yẹ ọkùnrin, ó sì bọ́ sí apá kejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti bí i ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn, tàbí bí ṣòkòtò náà bá ṣì wà nínú àpótí, bóyá Detroit ni ì bá ti darúgbó sí.

Inú ọkọ̀ C kan náà ni J. Bruce Ismay jókòó sí, ẹni tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ White Star tó ni Titanic. Àwọn ará Ṣáínà mẹ́rin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Nígbà tí wọ́n wa ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀, Emily gbá orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, kò sì jẹ́ kó wẹ̀yìn wo bí Titanic ṣe ń rì. Ó dáàbò bo ojú rẹ̀. Etí ni kò sí bí ó ṣe lè bò. Omi òkun lóru náà tutù ju bí omi lásán ṣe ń dì lọ, nǹkan bíi ìwọ̀n -2 lórí Celsius, iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bọ́ sínú rẹ̀ ló wọ ẹ̀wù tó ń mú ara léfòó, nítorí náà wọn kò rì. Òtútù ló ń pa wọ́n, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì ń ké. Àwọn tó wà nínú àwọn ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà gbọ́ igbe ọgọ́rọ̀ọ̀rùn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, igbe náà sì dín kù títí tí ohun gbogbo fi dákẹ́. Nǹkan bíi 1,500 èèyàn ló kú.

Nínú ọkọ̀ Carpathia

Carpathia, tí Arthur Rostron jẹ́ kápútẹ́nì rẹ̀, gbọ́ ìpè fún ìrànlọ́wọ́, ó sì fi nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ sáré wá láàárín òkìtì yìnyín. Èèyàn tó lé ní 700 ló kó. Emily àti ọmọ rẹ̀ wà lára wọn. Bàbá kò sí.

Ibẹ̀ ni ìyá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó yè ló jẹ́ pé aṣọ ìsùn ni wọ́n fi jáde, òun àti àwọn obìnrin mìíràn sì jókòó, wọ́n ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rán aṣọ fún wọn. Ẹni tó ti pàdánù ọmọ kan, tó sì ṣeé ṣe kó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ òun náà ti lọ, kì í fẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀.

Nítorí náà ẹlòmíràn ló mójú tó Frankie. Samuel Collins ni, ọ̀kan nínú àwọn akóná Titanic tí òun fúnra rẹ̀ yè, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ń yọjú wò nísàlẹ̀. Ó sọ fún ọmọ náà pé kó má sunkún, pé bóyá bàbá rẹ̀ yóò ti dé New York ṣáájú rẹ̀. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn akóná Carpathia. Àwọn wọ̀nyí ní àwọn yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bí ó bá lè mu ohun tí àwọn bá pò fún un: omi, ọtí kíkan àti odindi ẹyin tútù kan. Frankie gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà, inú rẹ̀ sì dùn, ó gbéra ga pé òun ti di ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa ọkọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé irọ́ ni Collins pa fún ọmọ náà nípa bàbá rẹ̀. N kò rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó yè, ọ̀pọ̀ sì ń retí pé ọkọ̀ mìíràn ti kó àwọn kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lára ju bí akóná náà ti rò lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

New York, àti àwọn tí wọn kò jẹ́ kó wọlé

Alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ni Carpathia dé New York. Lójoojúmọ́, Ellis Island ni wọ́n máa ń kó àwọn ará kíláàsì kẹta lọ, níbi tí dókítà àti òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú yóò ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Wọn kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ti Titanic dé. Obìnrin opó kan àti ọmọ ọdún 9, tí kò sí owó lọ́wọ́ wọn, tí ẹni tó yẹ kó bọ́ wọn sì ti kú, jẹ́ irú àwọn tí òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú lè sọ lọ́jọ́ mìíràn pé wọn yóò di ẹrù sọ́rùn ìjọba, kó sì dá wọn padà. Ikú bàbá tó yẹ kó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ló ṣí i fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà. Àwọn mẹ́jọ ló wà nínú Titanic, gbogbo wọn ní kíláàsì kẹta. Mẹ́fà yè, mẹ́rin nínú wọn sì jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú Frankie, nínú òtútù kan náà, wọ́n sì gbọ́ igbe kan náà. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin lọ́dún 1882 láti dí àwọn òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà lọ́nà. Àwọn ará Ṣáínà wọ̀nyí kò rí irú àánú tí àwọn yòókù rí gbà. Ní ọjọ́ kejì tí Carpathia gúnlẹ̀, wọ́n ti mú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà sínú ọkọ̀ ẹrù, àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ̀wé nípa wọn bí ojo tó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ ọdún 9. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ àkọsílẹ̀ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun kò gbọ́dọ̀ fo àwọn tó jókòó tì í nínú ọkọ̀, tí wọn kò fún láyè láti bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Salvation Army gba Emily àti Frankie sílé ní New York, wọ́n sì fún wọn ní owó ọkọ̀ ojú irin dé Detroit. Àwọn ẹbí Emily ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó gbé ọmọ náà ró, mo gbà pé èyí ló wúwo jù: ilé kan wà tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀ kó tó dé.

Kí a wo òdìkejì rẹ̀. Ìdílé Harold Goodwin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú ọkọ̀, jẹ́ èèyàn mẹ́jọ, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́fà. Gbogbo wọn kú. Ìyá Albert àti George Rice kú pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márààrún. Wọ́n rí òkú ọmọ kékeré kan lórí omi, wọ́n sin ín sí Halifax ní Kánádà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kò mọ̀, nítorí pé kò sí ẹnì kan tó kù láàyè tó lè sọ pé tiwa ni. Ọdún 2007 ni àyẹ̀wò DNA tó fi hàn pé Sidney ni, àbíkẹ́yìn àwọn Goodwin. Ó gba ọdún 95 kí ó tó gba orúkọ rẹ̀ padà.

Detroit

Ibi tí Emily àti ọmọ rẹ̀ wá fi ṣe ilé kò jìnnà sí Navin Field, pápá ìṣeré tuntun tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball Detroit Tigers ń lò. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1912 ni wọ́n ṣí pápá náà, ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn tí Titanic rì. Fún ọmọkùnrin mìíràn nílùú yẹn, kí ilé ẹni sún mọ́ pápá jẹ́ ohun àmúyangàn. Fún Frankie, ìyà ni. Nígbàkigbà tí agbábọ́ọ̀lù bá gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn bá fẹnu kan náà hó, ariwo náà máa ń dún létí rẹ̀ bí igbe àwọn tó ń kú nínú omi. Ayọ̀ ni àwọn èèyàn ń yọ̀. Ikú ni òun ń gbọ́. Nígbà tó dàgbà tó bí ọmọ tirẹ̀, kò mú wọn lọ wo baseball rí.

Ohun kejì tí kò fi í sílẹ̀ ni ìrètí. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbà pé bàbá òun ti kú lóòótọ́, àní fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣì máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ti ní láti kó bàbá òun, pé lọ́jọ́ kan yóò ṣílẹ̀kùn wọlé, yóò sì kí òun ní orúkọ. Wọn kò rí òkú kankan tí wọ́n dá mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Níbi tí kò ti sí òkú, tí kò sí sàréè, tí bàbá fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé òun ń bọ̀, tí akóná kan tún ti fi ọwọ́ sí i, ta ni yóò fi òpin sí ìdúró ọmọdé?

Owó kò fi bẹ́ẹ̀ ti ibi kankan wá. Àwọn tó pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà béèrè iye tó lé ní mílíọ̀nù 16 dọ́là lọ́wọ́ White Star. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà lọ́dún 1914 pé iléeṣẹ́ náà lè lo òfin ọdún 1851 tó dín ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ san kù, nígbà tó sì di ọdún 1916, wọ́n fi nǹkan bíi 664,000 dọ́là parí gbogbo rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó pẹjọ́ lápapọ̀. Ẹ̀mí àwọn ará kíláàsì kẹta kò jọjú nínú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Frankie dàgbà di ará Amẹ́ríkà. Ọdún 1926 ló gbéyàwó, ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n sì bí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ayafọ́tò fún ẹ̀ka ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, láìjẹ́ sójà. Lẹ́yìn náà ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Mansfield, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tó ti ń ta kámẹ́rà àti ohun èlò fọ́tò. Kò sí ohun tó jọ ìyanu nínú èyí, mo sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: ìgbéyàwó, ọmọ, iṣẹ́ ọwọ́, ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ kan lórí òmíràn fún ọgọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó fojú rí bí ọkọ̀ ṣe rì, ohun tí ojú ń rí ló sì wá fi ṣe oúnjẹ òòjọ́. N kò ní sọ pé ọ̀kan ló fa ìkejì. Mo kàn ṣàkíyèsí rẹ̀ ni.

Nígbà tó dàgbà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà fún àwọn èèyàn ní gbangba, ó sì kọ ohun tó rántí sílẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1991, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa Alfred Rush àti ṣòkòtò rẹ̀, nípa àwọn ọmọkùnrin tó ń gun irin, nípa ẹyin tútù inú Carpathia, láti ẹnu rẹ̀ ló ti wá. Ẹ̀rí ọmọdé ni, tí àgbàlagbà sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì yẹ kí a máa kà á pẹ̀lú ìṣọ́ra yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tó dì mú jẹ́ irú àwọn ohun kéékèèké tí ọmọdé kì í gbàgbé, wọn kò sì jọ ohun tí ẹnì kan hùmọ̀ láti fi gbayì.

Frank Goldsmith kú lọ́jọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1982 ní Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ẹni ọdún 79 ni. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì dúró di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin kí wọ́n tó da eérú rẹ̀ sórí òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí wọ́n kà sí ibi tí Titanic rì sí, tí bàbá rẹ̀ wà láti 70 ọdún. Ojú ẹnikẹ́ni kò tíì tún kan ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ òkun nígbà yẹn. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985 ni wọ́n tó rí i.